Písítìnì tí ọ̀rẹ́ mi fi kílám̀pù tì

Ọkọ̀ mi fẹ́ gbé màmá mi wọ ọ̀sà lónìí, ọ̀rẹ́ mi ló sì fà á.

Èmi àti Mautin jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Àgbádárìgì, kí èmi tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tá a bá ń pààrọ̀ páàdì bíréèkì, a gbọ́dọ̀ dá písítìnì, irin tó ń ti páàdì, padà sínú ihò rẹ̀. A lè fi kílám̀pù, irin tó ń fún nǹkan pọ̀, tì í, a sì lè yí i. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń wí fún wa: "Ti iwájú, ẹ tì í. Ti ẹ̀yìn, ẹ yí i wọlé. Tẹ́ ẹ bá fi agbára tì í, háńbíréèkì ti bàjẹ́ nìyẹn."

Láàárọ̀ yìí, Mautin pààrọ̀ páàdì ẹ̀yìn fún mi.

Lọ́sàn-án, mo páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí ọ̀sà, níbi tá a ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu. Mo fa háńbíréèkì, mo fi màmá mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Igbe màmá mi ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ mi ń yí lọ sómi. Igi àgbọn kan tó wó sílẹ̀ ló dá a dúró.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. "Mautin, ṣé o yí i àbí o tì í?"

"Kílám̀pù ni mo fi tì í. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ti oníbàárà ńkọ́?"

"Màá yí i. Oníbàárà lè bínú lọ. Ìwọ, ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́."

Mo jókòó ti màmá mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́rẹ̀ẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe yín náà nìyẹn?