Namdev Ní Ká Ti Géètì

Gáàsì kiloríìnì ló pa Namdev Kharat, olùtọ́jú omi ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ìlú wa, lọ́jọ́ ọdún àwọ̀. Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni mo rán an wọ yàrá kẹ́míkà. Nínú ìjábọ̀ tí mo fọwọ́ sí, a kọ ọ́ pé àìbìkítà òun fúnra rẹ̀ ló pa á.

Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. Tá a bá ti da àwọ̀ síra wa lára tán, adágún là ń forí lé láti lọ ṣan ara. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, omi ti dà bí omi aró. Namdev bu díẹ̀ sínú ìgò tín-ínrín tó fi ń dán an wò, ó kán oògùn sí i. Ó yẹ kó pọ́n rúsúrúsú. Kò yí padà rárá.

"Ọ̀gá, kiloríìnì ti tán nínú omi yìí. Ẹ jẹ́ ká ti géètì."

"Kí n lé èèyàn lọ́jọ́ ọdún? Kí ìyàwó kánsílọ̀ gbé àwọ̀ sára lọ sílé?"

"Ọ̀gá, kó gbé àwọ̀ lọ sílé sàn ju kó gbé ìgbẹ́ gbuuru lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. "Lọ ṣí gáàsì sí i, jàre, dókítà omi."

Ẹnu àgbá gáàsì ti dípẹtà, bó ṣe ṣí i ni gáàsì tú lé e lórí. Ìbòjú ìdènà gáàsì kan ṣoṣo tá a ní wà nínú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì mi, ó ń dán. Àwọn olùbẹ̀wò là ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ṣé àwọn olùbẹ̀wò ló ń mí nínú yàrá yẹn ni? Nígbà tá a wọ́ Namdev jáde, àwọn ọmọdé ṣì ń bẹ́ sómi. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ikùn wọn.

Ìjọba fi òdòdó ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti sun òkú rẹ̀. Òdòdó náà dára. Shevanta, ìyàwó rẹ̀, kò wò ó.

"Ọ̀gá, ọkọ mi tó máa ń gbóòórùn omi kó tó fọwọ́ kàn án, òun ló wá di aláìbìkítà?"

Mo ní kó ṣe sùúrù. Ọmọ ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́, àfi tí òkú bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Bí wọ́n ṣe lé Ketaki, ọmọ rẹ̀, padà nìyẹn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Mi ò sunkún nígbà náà, ẹkún náà ò sì wá báyìí.

Kí wọ́n tún ìwádìí ikú Namdev ṣe ní gbangba. Kí wọ́n pe gbogbo àwa tá a fọwọ́ sí ìjábọ̀ yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ pe èmi. Lánàá mo lọ sílé Shevanta, mo sì sọ ọ́ lójú Ketaki àti àwọn aládùúgbò wọn, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí: Namdev ní ká ti géètì. Èmi ni mo kọ̀.