Ogójì Èbù Tí Mo Fi Pamọ́

Ọjọ́ tí mo hú èbù mi jáde nígbà ogun Ìjàyè kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Kí bàbá mi tó lọ sójú ogun, wọ́n fún mi ní ogójì èbù iṣu kí n fi dá oko tèmi ní abà wa ní Ìrókò. Wọ́n ní, "Bó o bá jẹ wọ́n, o jẹ ọ̀la rẹ." Mo bò wọ́n mọ́lẹ̀ síbi tí èmi nìkan mọ̀.

Nígbà tí oúnjẹ tán, ìyá mi bẹ̀ mí: "Ọmọ mi, fún mi ní ẹyọ kan kí n sè fún Àdùkẹ́ àbúrò rẹ." Mo kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, Àdùkẹ́ kò sunkún mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré hú méjì. Ìyá mi sè é, wọ́n fi sí i lẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀, mo gbin ìyókù. Iṣu mi ta ju ti gbogbo abà lọ. N kò lè jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.