Lẹ́ńsì Méjì àti Ẹyẹ Apẹja Orí Ọ̀sà

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí Dádì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀ nínú Pijó wọn, tí báàgì kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fun fèrè sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ń dá ìjọba dúró. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Dádì mi, ní Festac níbí, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ẹyẹ. Àwọn bàbá ọ̀rẹ́ mi a máa lọ wo bọ́ọ̀lù. Tèmi a lọ dúró sétí kànáàlì, wọn a máa retí lékelèke.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí wọn kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Àrùn ojú ló dé. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, oògùn la sì fi ń di tọ̀tún mú. Ojú ọ̀tún náà, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú gíláàsì tí òjò ti rọ̀ sí. Lẹ́ńsì àtijọ́ tí wọ́n ní, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere. Ohun tí àwa tó ń ya fọ́tò ń pè ní fókọ́ọ̀sì nìyẹn. Báwo ni ẹni tí ohun gbogbo ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀ yóò ṣe mọ ibi tí yóò yí i dé? Díẹ̀díẹ̀ ni Dádì dákẹ́. Wọn a jẹun tán, wọn a wọ yàrá lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́.

Ìgbà náà ni Áńkù Dípọ̀, àbúrò wọn tó wá kí wa láti London, gbé lẹ́ńsì gígùn kan wá, àlòkù, súùmù tó ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí, tó sì ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ dán an wò," ni Áńkù wí. "Tí kò bá wúlò fún yín, màá gbé e padà lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan ń bèèrè rẹ̀ lọ́hùn-ún." Dádì ní àwọn yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Tí àwọn kò bá rí ẹyẹ kankan yà, kí wọ́n gbé lẹ́ńsì lọ, kí èmi sì gbé kámẹ́rà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó gbé wa dé orí omi ní Sátidé yẹn nìyẹn.

Èmi kò tilẹ̀ fọkàn tán lẹ́ńsì Áńkù. Inú kámẹ́rà ni mọ́tò tó ń yí i wà, bó bá sì ti ń wá fókọ́ọ̀sì, á máa ké kírrr-kírrr bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́dọ̀ tiwa, ariwo ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Kí pásítọ̀ máa gbàdúrà, kí nǹkan kan máa ké kírrr lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn! Wọn á ní kí o lọ máa ya fọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Lẹ́ńsì ti ṣọ́ọ̀ṣì ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, kì í dún rárá, ó sì yára. Mo tọrọ rẹ̀ kí Dádì lè fi méjèèjì wéra. Ní tòótọ́, mo ti dájọ́ náà lọ́kàn mi kí a tó kúrò nílé.

Èmi ni mo wa ọkọ̀. A gba Apple Junction lọ sí Raji Rasaki Estate, níbi tí Bọ̀dá Túnjí, olórí ẹgbẹ́ wa, ń gbé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àwọn oníbúrẹ́dì ti ń já ẹrù ní jọ́ńṣọ̀n. A ra kan tó ṣì gbóná, nítorí Dádì gbà pé ìrìn àjò tí kò bá sí búrẹ́dì nínú rẹ̀, ìrìn lásán ni. Bọ̀dá Túnjí jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn, wọ́n gbé lẹ́ńsì náà dání bí ọmọ ìkókó.

"Bísọ́lá, omi ò gbọdọ̀ kàn án o. Lọ́la, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ rí i lórí tábìlì mi."

"Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Inú ọ̀rá ló máa wà."

Dádì yọrí láti inú ọkọ̀. "Túnjí, tí ọkọ̀ bá dà wá nù, lẹ́ńsì ẹ la máa kọ́kọ́ yọ. Bísọ́lá á ṣì máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀."

Láti ibẹ̀ a kọjá òpópónà Badagry wọ Satellite Town. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ọ̀nà Festac, ẹ lọ wo tibẹ̀ kí ẹ tó wá ṣọpẹ́. Àwọn ọkọ̀ agbépo tò sẹ́bàá ọ̀nà lọ súà, àwọn awakọ̀ wọn ń fọ eyín, wọ́n ń bu omi sójú. Kòtò kan jìn, ó kún fómi débi pé mo bi Dádì bóyá kí a kúkú dúró níbẹ̀ ká máa retí ẹyẹ apẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Létí omi, a bá Sámúẹ̀lì pàdé, ọ̀dọ́kùnrin tó tó ẹgbẹ́ mi, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí erékùṣù wọn. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbà fún gbogbo òwúrọ̀, oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wá, Amuwo-Odofin, síbẹ̀ èmi tí wọ́n bí sí Festac kò tíì rékọjá ọ̀sà yìí rí. Ní tiwa, a lè gbé ọdún mẹ́wàá ká má mọ orúkọ ẹni tó wà lókè wa. Lórí omi níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó kọjá tí kò kí Sámúẹ̀lì, kí wọ́n sì bèèrè ẹni tí a jẹ́.

Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, tó fi ọ̀pá tì wá sáàárín àwọn igi etí omi, ẹyẹ apẹja àkọ́kọ́ dé. Dúdú àti funfun ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àdàbà lọ. Á dúró lójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n pìpìpì, lójijì á já wọnú omi bí òkò. Lẹ́ńsì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ fi sẹ́nu kámẹ́rà. Dádì rí ohun tó ń gbọ̀n, wọ́n nà án sí i.

"Ṣé fókọ́ọ̀sì ti mú un?" ni wọ́n bi mí.

Kí ni mo mọ̀? Ojú wọn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi. "Ó ti mú un, Dádì, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ẹyẹ ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é títí, wọ́n á yára tẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n pẹ́ jù. Kámẹ́rà náà ní ìró kékeré kan, píìn, tó máa ń dún tí fókọ́ọ̀sì bá dúró, ṣùgbọ́n tí ohun tí à ń yà bá ń rìn, kì í dún. Mo gba kámẹ́rà yà á wò, ìdí ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni mo ya mélòó kan tó mọ́ rekete. Lẹ́ńsì náà dára, ẹ gbà mí gbọ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí nínú jẹ́.

Dádì gbé ọwọ́ lé itan. "Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Sámúẹ̀lì ló dáhùn. "Bàbá, ìkejì ńkọ́? Ẹ ní méjì lẹ gbé wá."

"Ìyẹn ń pariwo," ni mo wí. "Á lé ẹyẹ."

"Àǹtí, ẹyẹ tó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì wa láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ gbé e jáde jàre."

Mo pààrọ̀ lẹ́ńsì, n kò sì retí nǹkan kan. Dádì dojú rẹ̀ kọ òpó kan tí àwọn apẹja ta àwọ̀n mọ́. Kírrr, kírr-kírr, kír. Ó dákẹ́. Wọ́n gbé orí sókè.

"Bísọ́lá, ó dákẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: a lè ka okùn àwọ̀n náà. Wọ́n tún nà án sí igi òdìkejì, ó ké, ó dákẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Tó bá ń wá a, á máa ké," ni Dádì wí. "Tó bá rí i, á dákẹ́. Mi ò nílò kí n rí i, mo ti ń gbọ́ ọ."

Ariwo tí mo ti ń bú láti àná!

Ẹ má rò pé ó wá rọrùn. Lẹ́ńsì náà falẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí ẹyẹ bá ti gba iwájú ewé kọjá, á sọ ọ́ nù, á wá a lọ wá a bọ̀. Dádì pàdánù púpọ̀, wọ́n ń bú u bí ẹni ń bú ọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan dúró sókè, ojú ọ̀run nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kírrr. Kír. Ó dákẹ́. Ìka Dádì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo wo àwòrán náà, mo rí ojú ẹyẹ náà, mo rí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pariwo, mo fò dìde, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

"Àǹtí, ẹ jókòó!" ni Sámúẹ̀lì kígbe. "Omi ò mọ̀ pé inú yín ń dùn o!"

Nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀bà fún wa pẹ̀lú edé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú àwọ̀n bọ́. Ní Festac, edé gbígbẹ la mọ̀. Ẹni tó bá jẹ tútù yẹn kò ní bá mi jiyàn mọ́. Dádì ń fi kámẹ́rà han gbogbo ẹni tó wọlé, kódà ẹni tó wá yá ìkòkò.

Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn náà kò pọ̀. Mo ti fi ojú mi tó ríran ṣe ìdájọ́ lẹ́ńsì méjèèjì, n kò sì bi ẹni tó fẹ́ lò ó ní nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí èwo ló dára jù, màá kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló fẹ́ lò ó.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a délé. Mọ́mì ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, wọ́n sì ń wo ojú mi láti mọ bó ṣe rí. Kí n tó sọ̀rọ̀, Dádì ti gbé fóònù.

"Dípọ̀, sọ fún ẹni yẹn kó lọ wá òmíràn. Tèmi ni." Wọ́n fa ìjókòó sún mọ́ fèrèsé. "Dúró, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹ..."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì Apple Junction. Mọ́mì fi ìdérí bo àwo, wọ́n jókòó tì mí. Ọbẹ̀ ń tutù, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun.