Ọkọ Àǹtí Mi àti Fáànù Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí fáànù bá ti ń yí lókè, ọkọ àǹtí mi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó kọjá. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Kó tó fẹ̀yìntì wá sí Okitipupa, òun ló ń mú èrò lọ wọ hẹlikópítà. Igbe rẹ̀ kò ju "Ẹ bẹ̀rẹ̀! Ẹ ṣí fìlà! Abẹ̀bẹ̀ irin yìí kò mọ olóyè!"

Olóyè kan láti Osooro yarí lọ́jọ́ kan. "Èmi! Kí n bẹ̀rẹ̀ fún irin?"

"Olóyè, orí yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ fún."

Ni atẹ́gùn bá já fìlà gbà lórí bàbá, bàbá sì fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Ọkọ àǹtí mi di agbádá rẹ̀ mú: "Ẹ jẹ́ kí fìlà máa lọ, kí orí dúró!"

Nígbà tí ìjọ Àládùúrà wa wá ra fáànù tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sùtánà mú. Omi bọ́ lójú wòlíì wa. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi í jẹ alàgbà.

Àǹtí mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Má wí nǹkan kan o. Ọjọ́ tí iná bá lọ ni àṣírí máa tú."