Oyún Tí Wọ́n Kà Láti Ọjọ́ Iléyá

Ìyá ọkọ mi ló tẹ̀lé mi lọ ṣe sikáànù àkọ́kọ́. Mi ò bẹ̀ wọ́n o. Wọ́n kàn kan ilẹ̀kùn yàrá tí a háyà ní Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ò ní dá nìkan lọ." Mo tiẹ̀ rò pé ìfẹ́ ni.

Arákùnrin tó ń ṣe sikáànù wo ojú ẹ̀rọ, ó ní oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó sì dá ọjọ́ ìbímọ fún wa. Èmi ń wo ọmọ. Ìyá ọkọ mi ń ka ìka lábẹ́ ìborùn.

A ò tíì dé títì tí wọ́n fi bi mí pé, "Láti Iléyá tí ọmọ mi wálé, ọ̀sẹ̀ mélòó ni?"

"Mẹ́jọ, Màmá."

"Méjì tó kù ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Họ́wù! Òkè Ọya ni ọkọ mi ti ń wa katakata fún àwọn tó ń la ọ̀nà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn kí Iléyá tó dé. Kí n tó délé, ìyá rẹ̀ ti pè é. Nígbà tí èmi náà pè é, ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó wá ní kí n máa jẹun dáadáa.

Mo kó ẹrù díẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀tan-Ilé. Ìyá mi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n wọ́ mi lọ sí Iléṣà, kí ẹ̀rọ mìíràn wá sọ òótọ́. Ẹ̀rọ mìíràn dé, ọjọ́ ìbímọ kan náà ló tún mú wá! Ìyá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà, àmọ́ obìnrin tó ṣe sikáànù náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá. A kì í kà á láti ọjọ́ tí ọkọ wálé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó rí gbẹ̀yìn la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì ti máa ń lọ kí oyún tó dúró rárá."

Mo rántí pé mo ń ṣe nǹkan oṣù nígbà tí mò ń rán aṣọ Iléyá fáwọn oníbàárà mi, ọkọ mi ò tíì wọ mọ́tò. Mo bú sẹ́kún. Obìnrin náà ṣàlàyé fún ọkọ mi fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ọkọ mi ní ó ti yé òun. Ìyá rẹ̀ ní, "Alihamudulilahi," wọ́n ra ọsàn wá kí mi. Mi ò jẹ ẹ́.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, tí mo ti padà sí Òṣogbo, mo tún ṣe òmíràn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ ìbímọ ti sún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé oyún ti wà kí ọkọ mi tó wálé. Àwọn tó ṣe é ní ọmọ ló tóbi, pé bí oyún bá ti dàgbà, títóbi ọmọ lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà, kí n di ti àkọ́kọ́ mú. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bó ṣe rí.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí.

Ẹ gbà mí! Mo mọ hẹ̀n-ẹ́n ọkọ mi. Láti ọjọ́ náà, bó bá bèèrè bí mo ṣe sùn, èmi náà á máa wá nǹkan tó fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú ọjọ́ méjèèjì nígbà tí mo bí i: ó ṣáájú ti àkọ́kọ́, ó tẹ̀lé ti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin gìdìgbà. Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní imú àwọn ló gbé wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mọ́ àyà. Ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó rọra bèèrè, bí ẹni tí ìlera ọmọ ń jẹ lọ́kàn:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yìí pé oṣù?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó pé dáadáa, Dádì. Ẹ ò rí bó ṣe tóbi ni?"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ka ìka lábẹ́ aṣọ ọmọ. Ó gbé ọmọ náà padà fún mi.