Àṣírí Tí Olúrántí Gbé Lọ Síbi Ìjẹ́wọ́

Àwọn kan wà tí Ọlọ́run fún létí ju ẹnu lọ. Olúrántí, ọmọ nọ́ọ̀sì tó ń gbé lọ́nà Ìyìn ní Adó, ọ̀kan nínú wọn ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún tí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ti sun sí i léjìká, kànga ò gbà á.

Tíṣà kan ló yan ọmọ mẹ́fà níbẹ̀, Olúrántí wà lára wọn, pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa bá wọn sọ ohun tó bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn, torí ọmọdé kì í sọ ọ́ fún àgbà. Wọn ò sì jẹ̀bi. Ariwo ni àgbà máa ń kọ́kọ́ pa. Tíṣà kìlọ̀ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá yín sọ, ẹ má gbé e kiri. Ṣùgbọ́n bí ewu bá wà níbẹ̀, ẹ sáré wá bá mi."

Olúrántí gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì gba ibòmíràn lọ. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó ti sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Fadá ò ṣe gbọdọ̀ tú ohun tó gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà lòun. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Fúnkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi fà á lọ sẹ́yìn kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọ Ìjan ni Fúnkẹ́mi, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Adó, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ẹgba ju ọbẹ̀ lọ. Ó kó ìbọ̀sẹ̀ funfun méjì tó ń wọ̀ wá sílé ìwé lé Olúrántí lọ́wọ́.

"Gbà. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹnu ẹ! Àǹtí kan ló rí iṣẹ́ fún mi ní Kútọnu. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Fájuyì la ti máa wọkọ̀."

"Kí lorúkọ àǹtí náà?"

"Wọ́n ní kí n ṣáà máa pe àwọn ní Àǹtí. Olúrántí, bó o bá sọ ọ́, èmi àti ẹ ti parí."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lọ lójú títì pàápàá, a máa ń bi í lórúkọ.

Láti ọjọ́ náà, Olúrántí ń dá oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Ìyá rẹ̀ wò ó títí.

"Ṣé oyún ni?"

"Rárá o, Màámi."

"Ó dáa." Ìyá gbé báàgì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ni, kò rí ti inú ilé.

Ní Sátidé, aago mẹ́rin, Olúrántí ti wà lórí ìlà ìjẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Bámgbóyè ló wà níwájú rẹ̀, ìyá àgbà tó ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀ ní Fájuyì. Nígbà tí ó kan màmá náà, ó kúnlẹ̀, kò dìde. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìkan kọ́ ló ń jẹ́wọ́, ó ń kó ti àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Olúrántí ń wo aago ara ògiri. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó kàn án.

"Fadá, mo fẹ́ dẹ́ṣẹ̀, mi ò tíì dá a." Ó rojọ́ náà tán, ẹ̀kọ́ tíṣà, ìbọ̀sẹ̀, Kútọnu.

Fadá bi í: "Ta ló fi òróró yàn ọ́?"

"Kò sí, Fadá."

"Ta ló wá di ẹnu rẹ? Èmi ni mi ò gbọdọ̀ sọ. Èyí tí o sọ yìí ti kú sínú mi. Bí ọmọ yẹn bá wọkọ̀, ibí ni màá kàn jókòó sí. Ìwọ lo lẹ́nu. O ò tíì lọ ni?"

Olúrántí ò dúró gba àdúrà ìrònúpìwàdà. Ẹnu ọ̀nà ló ti kan Ìyá Bámgbóyè tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

"Màmá, ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rẹ́ mi lọ ní Fájuyì!"

Ìyá náà ò bi í léèmejì. Ó ká ìró sókè, àwọn méjèèjì fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kan ṣoṣo.

Wọ́n dé, ọkọ̀ ti kún, ẹ́ńjìnnì ti ń kùn. Fúnkẹ́mi wà lẹ́bàá fèrèsé, báàgì lórí itan, obìnrin tó kun ètè pupa jókòó tì í. Ìyá Bámgbóyè lọ dúró gbọin síwájú ọkọ̀.

"Akínwálé! Pa ọkọ̀ yẹn, àbí kí o gba orí mi kọjá!"

"Màmá oníbúrẹ́dì, kí ló dé?" Dẹ́rẹ́bà pa á.

"Ìwọ elétè yìí, ta ni ọmọ yẹn sí ọ?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá."

"Kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ há abíyá. Gbogbo èrò yíjú sí i. Ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Títí di òní, kò tíì ra omi náà tán.

Fúnkẹ́mi fa báàgì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ulé mi lo máa sùn," ni Ìyá Bámgbóyè wí. "Lọ́la, èmi àti àǹtí ulé rẹ la jọ máa sọ̀rọ̀. Kó mú ẹgba náà dání."

Ọmọ náà ò wo ojú Olúrántí. "O sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

"Mo ní èmi àti ẹ ti parí."

"Mo gbọ́."

Wọ́n tẹ̀ lé màmá náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún títì, ọ̀kan lápá òsì. Olúrántí ti gba ọ̀rẹ́ là, ó sì ti pàdánù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà, Fúnkẹ́mi dúró, kò yíjú padà.

"Ìbọ̀sẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Mú un wá sílé ìwé ní Mọ́ńdè."