Ohùn tí Kò Wọ Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Òórùn iṣu tí òjò fẹ́ bà jẹ́ ló gba gbogbo ilé wa kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti sáré kó gbogbo èyí tí mo sá sí ẹ̀yìnkùlé fún èlùbọ́ wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń ya èyí tó ti ń bu kúrò lára èyí tó ṣì dára, nígbà tí ẹnì kan kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó máa ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin ẹ̀gbọ́n mi ni. Ilé-Ogbó ló ti wá, níbi tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì báyìí. Ó ti sanra, irun rẹ̀ sì ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi wí.

Mo fẹnu sún mọ́ etí wọn òsì, nítorí ọ̀tún ti dí. "Onílù ni, Ìyá."

"Èyí tó máa ń jẹ ẹ̀bà mi lórí ìdúró?"

"Èmi náà ni, Ìyá. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹun. Ẹ wo ikùn mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú sókè Ọya, tí wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ń tọrọ: kí wọ́n tún gbọ́ ohùn ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí etí kejì tó dí. Fọ́tò rẹ̀ wà nílé. A kò ní ohùn rẹ̀. Onílù ló sọ fún wa pé kásẹ́ẹ̀tì eré wọn àtijọ́ wà lọ́wọ́ òun, pé òun yóò ní kí wọ́n gbé e sórí fóònù. Ohun tó gbé e wá lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Orin búlúùsì àti rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ nígbà náà, ní Yorùbá wa níbí. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun láásárì, ni wọ́n máa ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èmi àti ìyá mi lọ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ kò ti inú sípíkà nìkan wá. Páànù òrùlé ń gbọ̀n, pátákó tí wọ́n dúró lé ń han, gìtá béèsì sì ń gba inú bẹ́ǹṣì gun ẹ̀yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi a fa okùn gìtá kan títí yóò fi máa sunkún. Ṣùgbọ́n bó bá kan án láti kọrin, gbogbo gìtá a sinmi, òun náà a fi máìkì sílẹ̀, a fẹ̀yìn rìn lọ sídìí ògiri, a sì kọ ọ́ lọ́fun lásán. Gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí orin náà fi parí.

Àṣà olórin ni àwọn ará ibẹ̀ kà á sí. Àwa mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé sípíkà kọ́ sábẹ́ òrùlé níta láti fi pe èrò, àdúgbò wa ni ó sì kọjú sí; gbogbo ohun tó bá gba gìtá tàbí máìkì ló ń ké jáde níbẹ̀. Àáfà ni bàbá wa, iwájú ilé wa ni ilé-kéwú wọn wà. Ẹnikẹ́ni ló lè máa ta gìtá, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, torí òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa láti kékeré. Kò fẹ́ dójú ti bàbá.

Onílù tẹ fóònù. Orin náà jáde, ó mọ́ ju bí a ṣe gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn lọ. Kò sí páànù, kò sí ariwo èrò, okùn gìtá kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè tirẹ̀, ó sì tutù bí omi àmù. Mo dá ibi tí okùn ti ń sunkún mọ̀. Lẹ́yìn náà gìtá sinmi, ìyá mi sì dẹ etí òsì wọn sí i. A dúró. Híhùn áńpù nìkan ló ń lọ. Ohun kan wà lọ́nà jíjìn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agboolé mìíràn, tí n kò lè búra pé òun ni. Gìtá sì tún wọlé.

Onílù sún un sí orin mìíràn, bákan náà ni. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Ara áńpù ni a ti fi wáyà fa orin sínú kásẹ́ẹ̀tì," ó wí. "Ohun tó bá gba gìtá tàbí máìkì wọ áńpù nìkan ló gbà. Bí mo bá ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà nílé, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àbúrò. N kò mọ̀ pé orí èmi gan-an ló ń kọ ọ́."

N kò lè bá a wí. Bí mo ṣe jókòó ti iṣu mi, mo rántí bàbá wa. Ní irú Sátidé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tètè tú àwọn ọmọ kéwú sílẹ̀, wọn a jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọn a kọjú sí ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo máa ń yọ́ kọjá lẹ́yìn wọn, torí mo rò pé inú ń bí wọn ni. Wọn kò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ orin náà rí, òun náà kò sì sọ ọ́ fún wọn. Bàbá ló kọ́kọ́ kú. Láti ọjọ́ tí onílù wá yìí ni mo ti mọ̀ pé ìtìjú tí ọmọ fi ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ lè di ògiri láàárín wọn, kí ó má sì sí ẹni tó burú nínú àwọn méjèèjì.

"Ó ti parí?" ni ìyá mi bi mí.

Mo sọ ọ́ sí wọn létí pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mú ègé iṣu kan lórí ẹní, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dá a padà.

"Ohun tí bàbá yín ń gbọ́ náà nìyẹn," ni wọ́n wí. "Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń bi mí pé, 'Ìgbà wo ni ọmọ yìí máa kọrin?'"